Ìwé Tí A Tà Kí A Tó Tẹ̀ Ẹ́

Ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Voice note mẹ́rin ni. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè gbọ́ ọ nínú ọjà.

Voice note kìíní

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ariwo tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn mi, jẹnẹrétọ̀ ni. Láti aago mẹ́rin ni wọ́n ti mú iná lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú, ìyá wa kan nínú grúùpù yìí pè mí. Wọ́n ń ta èlùbọ́ àti gààrí ní ọjà Ìgbudu. Wọ́n ní àjọ àwọn á bọ́ sí àwọn lọ́wọ́ ní ìparí oṣù, ₦600,000. Wọ́n ti kọ ìwé kan lórí oúnjẹ ilẹ̀ wa: bí èèyàn ṣe ń mọ èlùbọ́ gidi, bí wọ́n ṣe ń ro àmàlà, bí wọ́n ṣe ń se gbẹ̀gìrì, fún àwọn ọmọ tí a bí sí Wàrì tí wọn ò mọ̀ ju sítáàṣì àti ọbẹ̀ banga lọ. (Mi ò bú sítáàṣì o, èmi náà ń jẹ ẹ́.) Onítẹ̀wé kan ti sọ fún wọn pé tí wọ́n bá tẹ 1,000, òun á gba ₦1,100,000. Wọ́n fẹ́ fi owó àjọ ṣe ìdajì, kí wọ́n yá ìyókù lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Wọ́n ní kí n bá àwọn wò ó.

Ìyá mi, mo ní kí ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́rin. Ó ti pé. Ìdáhùn mi nìyí, mo sì fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ ọ, torí mo mọ̀ pé ó kéré tán, èèyàn mẹ́ta míì wà níbí tó ní ìwé nínú àpótí.

Ẹ má tẹ ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ má tẹ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pàápàá. Ẹ má sì yá owó ẹgbẹ́.

Kí ẹ tó sọ pé mo ń fi ọwọ́ rọ́ yín sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ra ìwé mi ní 2018, Ìwé Gbèsè Bàbá Mi. Ẹ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyókù.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, Ìbòkun ni wọ́n ti bí bàbá mi. Òṣómàáló ni wọ́n. Àwọn ọmọdé inú wa lè má mọ̀ ọ́n: lẹ́yìn tí ogun Kírìjì rọlẹ̀, àwọn Ìjẹ̀ṣà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń tà á ní àwìn. Tí ọjọ́ bá pé, wọ́n á padà wá gbowó. Ẹni tí kò bá san, wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n á ní òṣó ni àwọn á ló títí àwọn á fi gba owó àwọn. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.

Bàbá mi dé Wàrì ní 1964. Wọ́n ń gbé aṣọ lọ sí Sàpẹ̀lẹ̀, Ughelli, Koko, títí kan àwọn abúlé etí omi tí ọkọ̀ ojú omi nìkan ń dé. Ẹni tó bá mú aṣọ, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé: orúkọ, irú aṣọ, iye, ọjọ́ tí yóò san. Nígbà tí wọ́n kú ní 2016, ìwé bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ni mo bá nínú àpótí wọn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń pín aṣọ àti ilẹ̀, èmi ní kí wọ́n fún mi ní ìwé gbèsè. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ lọ gba owó ni.

Ohun tó wà níbẹ̀ ju gbèsè lọ. Láti oṣù kẹjọ 1967 títí oṣù kẹwàá fi parí, òfìfo ni ojú ewé. Oṣù kẹjọ yẹn ni àwọn ọmọ ogun Biafra wọ Midwest, wọ́n gba Benin, wọ́n gba ìhín. Ta ló fẹ́ ra aṣọ? Lẹ́yìn òfìfo yẹn, bàbá mi to orúkọ mọ́kànlá sílẹ̀, wọ́n fa ìlà lé gbogbo wọn, wọ́n wá kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, “Ọlọ́run ló san án.” Mo jókòó ti ojú ewé yẹn di òru. Òun ló mú mi kọ ìwé.

Owó tí mo fi tẹ̀ ẹ́, inú ojú owó ṣọ́ọ̀bù ni mo ti mú un. Onítẹ̀wé ní tó bá jẹ́ 200 ni mo fẹ́, ₦900 lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ 1,000, ₦420. Oníṣòwò ni gbogbo wa, ẹ mọ bí irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dùn mọ́ni létí. Mo san ₦420,000. Kérésìmesì ọdún yẹn, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń já ẹrù léèsì, èmi ń já páálí ìwé.

Ọjọ́ tí a ṣí i, mo ta 131. Mo fi 90 tọrẹ, ẹ mọ̀ wá, ẹ̀gbọ́n ò ní ra ìwé lọ́wọ́ àbúrò. Mo kó 200 fún ilé ìtàwé mẹ́ta, ọ̀kan níbí, ọ̀kan ní Benin, ọ̀kan n'Íbàdàn. Àwìn ni o. Wọ́n ní tí ó bá tà àwọn á san, tí kò bá tà kí n wá kó o. Ẹ wò ó, èmi ọmọ òṣómàáló, mo lóṣòó! Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ sí Benin. Owó ọkọ̀ tí mo ná ju owó tí mo gbà lọ. Nínú 200 yẹn, ìwé 34 ni mo gbowó rẹ̀. Wọ́n dá 110 padà, ẹ̀yìn àwọn míì ti ya. Ó ku 56, kò sí ẹni tó lè sọ ibi tí wọ́n wọlẹ̀ sí.

Ẹ dúró, mò ń bọ̀, oníbàárà kan ń pè.

Voice note kejì

Mo ti dé. Ẹ má bínú.

Nílé mi, 579 ló wà nínú páálí. Omi wọ yàrá ẹ̀yìn ní 2019, ẹ mọ òjò Wàrì, páálí mẹ́ta rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ìyàwó mi ní òjò ló pa ìwé mi. Mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀. Òjò kọ́. Ojú ewé 47 ni.

Ní ojú ewé 47, mo kọ ìtàn ọkùnrin kan ní apá Ughelli, tó mú léèsì lọ́wọ́ bàbá mi ní 1971, tí kò san. Mo kọ orúkọ rẹ̀. Mo kọ ọ́ bí ẹ̀fẹ̀ pàápàá, pé léèsì yẹn á ti di àkísà kí owó rẹ̀ tó jáde. Inú ìwé gbèsè ni mo ti rí i, orúkọ wà níbẹ̀, kò sí ìlà lórí rẹ̀.

Oṣù kẹta 2019, àwọn méjì wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Obìnrin kan tó jẹ́ tíṣà àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Mo rò pé aṣọ ni wọ́n fẹ́ rà, mo ń tú ankara sílẹ̀. Obìnrin yẹn mú nọ́ọ̀lọ́ọ̀nù jáde nínú báàgì rẹ̀, ó yọ pépà kan tó ti pọ́n. Ìwé ẹ̀rí owó ni. Ọwọ́ bàbá mi ló kọ ọ́. Ọdún 1973. Owó léèsì pé. Ó wò mí, ó ní, “Broda, my papa no die with debt.” Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo gbé ìwé gbèsè kẹta wá. Ojú ewé méjì lẹ̀ mọ́ra níbẹ̀, ó ti pẹ́ tí mo mọ̀, mo rò pé epo ló dà sí i. Mo fi ọ̀bẹ là á. Orúkọ ọkùnrin náà wà nínú rẹ̀, wọ́n fa ìlà lé e.

Ẹ bá mi rò ó. Ìwé ẹgbẹ̀rún kan, gbogbo wọn ló ń pe olóòótọ́ èèyàn ní onígbèsè, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé. Mo lọ sí business center, mo tẹ pépà kékeré, mo ra gọ́ọ̀mù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé náà. Mo ṣe bí ọgọ́rùn-ún. Mo gbé ọ̀kan fún ọ̀rẹ́ mi kan pé kó wò ó. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe, ó gbé ojú ewé yẹn sókè síbi iná, ó fẹ́ mọ ohun tí mo fi pamọ́! Mo jáwọ́. Mi ò ta ẹyọ kan mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí: ká ní ọgbọ̀n péré ni mo kọ́kọ́ tẹ̀, ọgbọ̀n ni n bá sáré gbà padà. Kò sí ìwé tí kò ní àṣìṣe. Tíṣà mẹ́ta ló bá mi ka tèmi. Àwọn òǹkàwé ló ń rí àṣìṣe, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an. Bí wọ́n bá fi máa rí i, ẹ ò gbọ́dọ̀ tíì tẹ ìyókù.

Voice note kẹta

Ó dáa, ká wá sọ ọ̀nà kejì. Òyìnbó ń pè é ní print on demand. Èmi máa ń pè é ní àbéèrè-tẹ̀: wọ́n béèrè, ẹ tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ẹgbẹ̀rún nílò pléètì. Kí ìwé kan ṣoṣo tó jáde, wọ́n ti ná owó pléètì, owó yíǹkì, owó ẹni tó ń to ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn tí ìwé díẹ̀ fi ń wọ́n, tí ìwé púpọ̀ sì ń dínwó. Onítẹ̀wé yẹn ò purọ́ fún yín, ìyá mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kejì ò lo pléètì. Bí ẹ̀rọ business center náà ni, ó kàn lágbára jù ú lọ: inú kọ̀ǹpútà ni ìwé wà, ẹ ní kó tẹ ọ̀kan, ọ̀kan jáde. Ìkejì, iye kan náà. Ní Ṣómólú l'Ékòó, níbi tí àwọn onítẹ̀wé pọ̀ sí bí alátà ṣe pọ̀ n'Ígbudu, DI ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn.

Ní òkè òkun, wọ́n ti ṣe é débi pé kò sí ìwé nínú ilé rárá. Ilé-iṣẹ́ Ingram ní Amẹ́ríkà, tó ń kó ìwé fún àwọn ilé ìtàwé, bẹ̀rẹ̀ Lightning ní 1997. Lulu dé ní 2002. Amazon náà ní tirẹ̀, KDP ni wọ́n ń pè é. Lọ́dọ̀ Amazon àti Lulu, ẹ ò san kọ́bọ̀ láti gbé fáìlì yín síbẹ̀. Ó máa jókòó síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ wa kan ní Houston bá rà á, wọ́n á tẹ ẹyọ kan níbẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sílé rẹ̀, wọ́n á yọ owó ìtẹ̀ àti ìpín tiwọn, ìyókù di tiyín.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Peckham ló bá mi gbé tèmi síbẹ̀. Iye tí a fi sí i ni pọ́n-ùn mẹ́jọ. Ohun tó ń kù fún mi lórí ẹyọ kan ò ju pọ́n-ùn méjì àti díẹ̀ lọ. Ẹ má pòṣé, mi ò gbé páálí kankan, mi ò lóṣòó níbì kankan. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan rà á ní Manchester láàárọ̀ ọjọ́ kan, èmi ń sùn.

Ṣùgbọ́n kí n má fi oyin nìkan fún yín lá. Amazon ò ní ìsọ̀ ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá ní kí wọ́n fi ìwé yín ránṣẹ́ sí yín ní Wàrì, owó ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ á jẹ èrè, á tún jẹ ìwé. Ìkejì, bí ẹni tó ni àkáǹtì bá ń gbé Nàìjíríà, òfin Amẹ́ríkà ń yọ 30 nínú 100 lórí owó tó bá ti ọ̀dọ̀ wọn wá, torí kò sí àdéhùn owó-orí láàárín wa. Ìkẹta, èyí dùn mí: níbi kan tí a kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní ká mú èdè tí a fi kọ ìwé. Mo wá Yorùbá títí, kò sí níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó jókòó ṣe làálàá. Ibi tó gbà wá ni a lọ.

Nítorí náà, fún òkè òkun, ẹ lo ti òkè òkun. Fún Wàrì, fún Ìbàdàn, fún Iléṣà, DI ni. Èmi ń fi fáìlì ránṣẹ́ sí Ṣómólú lórí fóònù, mo ń san owó, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọ́n á fi páálí kan sínú ọkọ̀ wá fún mi bí waybill, n ó lọ gbé e ní gáréèjì. Láti 2023 tí mo ti tún ìwé náà ṣe, mo ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà: 25, 40, 25, 30, 30, 40. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 190. Lónìí tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀, mẹ́jọ ló wà nílé mi. Lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n wà, ìyàwó mi ò ráhùn mọ́.

Ojú ewé 47 tuntun wà nínú rẹ̀. Àwòrán ìwé ẹ̀rí owó 1973 yẹn ni mo fi síbẹ̀. Tíṣà yẹn ló jẹ́ kí n ya á. Mo gbé àkọ́kọ́ tó jáde lọ fún un ní Ughelli. Ó kà á níwájú mi, aládùúgbò wọn kan tó gbọ́ Yorùbá ló túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní kí n kọ ọdún tí bàbá òun kú sí i. Mo ti fi sí i nígbà tí mo tẹ èkejì. Ìwé tó wà nínú páálí, ṣé ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún un?

Ẹ jẹ́ kí n tètè mẹ́nu ba iṣẹ́ fáìlì. Àmì ohùn àti ẹsẹ̀ abẹ́ lẹ́tà Yorùbá, òun ló ń da onítẹ̀wé láàmú. Ìwé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, gbogbo “ẹ” àti “ọ” ló ti di àpótí kékeré, bí ẹni pé wọ́n to páálí sínú gbólóhùn. Ohun tó fà á ni pé kọ̀ǹpútà tiwọn ò ní irú lẹ́tà tí mo lò. Àwọn lẹ́tà kan wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, Charis SIL àti Gentium, wọ́n mọ gbogbo àmì wa. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ wá sọ ọ́ di PDF tí lẹ́tà wà nínú rẹ̀, má fi Word ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ gba ìwé àyẹ̀wò ẹyọ kan, kí ẹ kà á láti èèpo dé èèpo, kí ẹ tó ní kí wọ́n tẹ ìyókù. Ẹni tó bá fo ìyẹn, kó má pè mí.

Èèpo ìwé ńkọ́? Ẹ̀yìn rẹ̀ tí àkọlé ń wà, iye ojú ewé ló ń sọ bó ṣe máa fẹ̀ tó. Torí náà ẹ má ṣe èèpo tán kí inú ìwé tó parí. Nọ́ńbà ISBN, Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-Èdè, National Library, ló ń fúnni níbí. Òfin sì ní kí ẹ kó ẹ̀dà mẹ́ta fún wọn tí ìwé bá jáde.

Kí n fi èyí kún un: ibikíbi tí ẹ bá gbé fáìlì sí, ẹ ní tiyín lọ́wọ́. OkadaBooks, tí Okechukwu Ofili dá sílẹ̀ ní 2013, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń ta ìwé orí fóònù níbẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn ní ìparí 2023. Wọ́n ṣiṣẹ́ takuntakun, mi ò bú wọn. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ ẹni ẹlẹ́ni ni, bí onílé bá kó ẹrù rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ní ọjà yín lápò.

Voice note kẹrin

Èyí ló kẹ́yìn. Mo rí i pé àwọn kan ti ń fi àmì oorun ránṣẹ́.

Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ìwé yín jẹ́ ojú ewé 80. Mo bá onítẹ̀wé mi sọ̀rọ̀, DI, ₦2,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ 20, ì báà jẹ́ 60. Ẹ tẹ 40: ₦80,000. Waybill, ₦6,000. Bí ẹ bá tà á ní ₦4,000, owó tó máa wọlé ni ₦160,000. Ó ku ₦74,000. Owó àjọ yín ṣì wà nílẹ̀, ẹ lè fi ra èlùbọ́.

Ti ẹgbẹ̀rún kan, ₦1,100 ni ẹyọ kan. Lóòótọ́, èrè orí ẹyọ kan pọ̀ ju ti DI lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ojú owó tó padà, ẹ gbọ́dọ̀ ta 275. Bí ẹ bá ta 200, ẹ ti pàdánù ₦300,000, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì ń retí owó wọn. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má tẹ ẹgbẹ̀rún láéláé. Bí ilé ìwé kan bá sọ fún yín pé àwọn fẹ́ 600, tí wọ́n fi owó sílẹ̀, ẹ lọ lo ẹ̀rọ ńlá, DI á jẹ́ òmùgọ̀ níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni kí owó wọn ṣáájú ìwé.

Ìyẹn ló sì jẹ́ ohun tí bàbá mi ò rí ṣe nínú òwò tiwọn. Wọ́n gbé aṣọ sílẹ̀, wọ́n wá owó rẹ̀ fún ọdún méjì. Ìwé lè gba ọ̀nà kejì: owó wọlé, ìwé jáde. Ẹ kọ́kọ́ fi ìwé yín lọ àwọn èèyàn. Ẹ fi ojú ewé kan sínú grúùpù yìí lọ́sẹ̀ kan, ọ̀nà tí ẹ fi ń mọ èlùbọ́ tí wọ́n ti lú, ẹ ka á bí voice note. Lọ́sẹ̀ kejì, gbẹ̀gìrì. Ẹ̀ ń wo ẹni tó ń béèrè pé “ìyókù dà?” Ẹni yẹn ni oníbàárà.

Kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ní 1929, Isaac B. Thomas tó ni ìwé ìròyìn Akede Eko bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Gbogbo Èkó ń bèèrè ta ni obìnrin náà, àwọn kan tilẹ̀ gbà pé èèyàn gidi ni. Ní 1930, ó di ìwé. Ẹ ò rí i, kí ìwé tó dé, ọjà ti kún. Lẹ́yìn tiwọn, àwọn ará Ọ̀nìṣà, tó wà lódì kejì odò sí Àsàbà, kó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sí ẹ̀gbẹ́ ọjà wọn, wọ́n ń tẹ ìwé pẹlẹbẹ fún àwọn oníṣòwò, awakọ̀ àti ọmọ ilé ìwé, kí ogun tó bẹ́ ní 1967. Ogali A. Ogali kọ Veronica My Daughter ní 1956, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló tà. Àárín ọjà ni wọ́n ti ń tà á, láàárín aṣọ àti ìkòkò. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìwé ò yẹ lórí àpò èlùbọ́. Ẹ gbé méjì síbẹ̀ kí àwọn oníbàárà máa rí i. Ṣùgbọ́n ẹ fi nọ́ọ̀lọ́ọ̀nù bò ó, ìyẹ̀fun èlùbọ́ ò mọ ìwé yàtọ̀.

Bí ẹ bá rí orúkọ 40 tó ti san ₦4,000, ẹ tẹ 40. Bí ẹ bá rí 12, ẹ bi onítẹ̀wé bóyá á gba 12, kí ẹ tẹ ẹ́. Ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n máa gbà á, kí ẹ kọ orúkọ wọn sínú ìwé gidi, kì í ṣe inú orí. Bí ọjọ́ bá kọjá tí ìwé ò dé, ẹ dá owó wọn padà kí wọ́n tó béèrè. Owó tó ṣáájú ìwé, gbèsè ni títí ìwé á fi dé. Èmi mọ ohun tí mò ń sọ nípa kí orúkọ èèyàn wà níbi tí kò yẹ.

Ẹnì kan ń bèèrè nísàlẹ̀ pé ta ló máa ka Yorùbá ní Wàrì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè lọ́wọ́ aládùúgbò mi tó jẹ́ Ìtsẹkírì. Mo ka ojú ewé méjì fún un, ó dá mi dúró lẹ́ẹ̀mẹta láti parí gbólóhùn fún mi. Èdè wọn àti tiwa jọ wá láti ibì kan náà. Ó ra ìwé méjì. Àwọn ọmọ wa tó bá jẹ́ Pidgin nìkan ni wọ́n ń sọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ míì, kì í ṣe ẹjọ́ onítẹ̀wé.

Ìyá mi, mo máa wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé láti aago mẹ́wàá. Ẹ gbé ìwé tí ẹ kọ wá, bó bá tilẹ̀ jẹ́ ọwọ́ ni ẹ fi kọ ọ́. Ọmọbìnrin mi á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà fún yín, ẹ fún un ní èlùbọ́, kò gba owó lọ́wọ́ ìyá. Ẹni tó bá fẹ́ wà nínú orúkọ 40 yẹn, kó kọ orúkọ sísàlẹ̀ voice note yìí. Èmi ni nọ́ńbà kìíní, mo ti fi transfer ránṣẹ́ sí yín, ẹ wo alert.

Ọ̀rọ̀ tèmi kan ló kù. Nínú ìwé 2018 yẹn, 311 ló jáde lọ́wọ́ mi. Mo ti gba 140 padà. Ó ku 171. Ẹnikẹ́ni tó bá ní i nílé, tó ní èèpo aláwọ̀ ewé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wá, n ó fi tuntun pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti fi ránṣẹ́ sílé, ẹ bá mi pè wọ́n. Bó bá ti ya, ẹ gbé ojú ewé 47 nìkan wá.

Jẹnẹrétọ̀ ti ń wúkọ́. Ẹ jẹ́ kí n pa á. Ó dàárọ̀ o.